Wọ́n ní ọkọ̀ epo ń kógbá sílé: ohun tí àwọn èèyàn ń bèèrè, àti ìdáhùn wa

Láti ọdún 2017 tí oríṣiríṣi ìjọba ti ń mú ọjọ́ tí títa ọkọ̀ tuntun tó ń lo pẹtiróòlù àti dísù yóò dópin, ariwo ọ̀rọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń fọ́ kámẹ́rà, ọ̀pọ̀ jù lọ kàn ń wòran, wọ́n ń ṣírò owó tó wà lápò wọn. Àwọn ìbéèrè tó ń jẹyọ jù ni mo kó jọ síbí. Mi ò ní díbọ́n pé mi ò ní èrò tèmi o. Ẹ ó rí i bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ.

Ṣé wọ́n máa wá gba ọkọ̀ epo tó wà lọ́wọ́ mi ni?

Rárá. Èyí ni àṣìgbọ́ tó gbilẹ̀ jù, òun náà ló sì bí ọ̀pọ̀ nínú ìjà tó wà nílẹ̀. Òfin tí wọ́n ń ṣe kò kan ọkọ̀ tó ti wà lójú títì. Ọkọ̀ tuntun, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí, ni wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò má tà mọ́ bí ọjọ́ bá pé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2030 ni wọ́n mú fún ọkọ̀ tó ń lo epo nìkan, wọ́n sì fún ọkọ̀ àmúlùmálà, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì epo àti bátìrì pa pọ̀, láyè di 2035. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ pẹtiróòlù ní oṣù Kejìlá ọdún 2029 lè máa wà á títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú. Ó lè tà á fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà sì lè tún un tà.

Ní Yúróòpù, ọkọ̀ tó wà lójú títì ti lo bí ọdún 12 ní ìpíndọ́gba. Ká tiẹ̀ ní wọn ò ta ọkọ̀ epo tuntun kankan mọ́ láti ọ̀la lọ, ilé epo yóò ṣì máa rí oníbàárà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ náà "fòfin dè" ló ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé ìròyìn, ta ló tún ń ka ìpínrọ̀ kejì?

Àwọn wo ló ti mú ọjọ́?

Wọ́n pọ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí òfin ní 2023 pé láti 2035, ọkọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ tú afẹ́fẹ́ carbon, èyí tó ń mú ayé gbóná, jáde rárá (wọ́n ti ń tún un rò báyìí, mo máa dé ibẹ̀). California ní Amẹ́ríkà náà mú 2035. Nọ́wè mú 2025, àmọ́ àfojúsùn ni tiwọn, kì í ṣe òfin. Etiópíà ò tiẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní gbèdéke: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n ní ọkọ̀ àdáni tí kì í bá ṣe oníná, èyí tó ń lo bátìrì, kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè náà mọ́. Ó parí.

Kí ló dé tí inú fi ń bí àwọn èèyàn tó báyìí?

Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé díẹ̀ nínú wọn ló ń bá ọkọ̀ oníná jà. Ìjọba ni wọ́n ń bá jà, ọ̀rọ̀ dísù ló sì dá ìjà náà sílẹ̀.

Ní 2001, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí owó orí ọkọ̀ padà, wọ́n gbé e lé iye afẹ́fẹ́ carbon tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tú jáde. Ọkọ̀ dísù kì í jẹ epo tó ti pẹtiróòlù, carbon tó ń tú jáde kéré, nítorí náà owó orí rẹ̀ wálẹ̀. Ìjọba mìíràn ní Yúróòpù náà gba dísù láyè lọ́nà tiwọn. Àwọn èèyàn gbọ́ràn, wọ́n ra dísù. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò pariwo rẹ̀ nígbà yẹn ni pé dísù ń tú nitrogen oxide àti èérún èéfín jáde, àwọn nǹkan tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2015, àṣírí Volkswagen tú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi ètò kọ̀ǹpútà kan sínú ọkọ̀ dísù wọn, tí ọkọ̀ fi ń mọ̀ bí wọ́n bá ń yẹ òun wò. Lójú àwọn aláyẹ̀wò, ọkọ̀ a ṣe bí ọmọlúàbí, a mú èéfín mọ́ra. Bó bá ti jáde síta, ìwà rẹ̀ àtijọ́ a padà. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 káàkiri àgbáyé ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ wá fi ara yín sípò ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló ní kó rà á, ilé iṣẹ́ ló parọ́ fún un, òun ló wá ku ọkọ̀ tí iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ sí lọ́rùn. Ní oṣù Kejì 2018, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Leipzig dájọ́ pé àwọn ìlú ní Jámánì lẹ́tọ̀ọ́ láti lé dísù àtijọ́ kúrò lójú títì wọn. Hamburg kọ́kọ́ fi òpópónà méjì dán an wò ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Nígbà tó fi máa kan Stuttgart, ìlú Mercedes àti Porsche gan-an, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, àwọn èèyàn ti wọ ẹ̀wù yẹlò jáde wá fẹ̀hónú hàn, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe ní Faransé. Ẹni tí wọ́n ti ṣe báyìí fún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n tún padà wá bá pé "oníná ló dára, lọ rà á", ṣé ẹ máa bá a wí bó bá di etí?

Ẹ̀wù yẹlò ti Faransé ńkọ́? Ṣé torí ọkọ̀ oníná ni wọ́n ṣe jáde?

Owó orí epo ni. Ìjọba Emmanuel Macron fẹ́ fi sẹ́ǹtì 6.5 kún owó orí lítà dísù kan, kí wọ́n sì fi sẹ́ǹtì 2.9 kún ti pẹtiróòlù, láti oṣù Kìíní 2019. Àwọn tó ń gbé abúlé àti ìlú kéékèèké ló kọ́kọ́ figbe ta: bọ́ọ̀sì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, ibi iṣẹ́ jìnnà, dísù sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 2018, wọ́n dí oríta káàkiri ilẹ̀ náà. Kí oṣù Kejìlá tó parí, ìjọba ti gbé àfikún owó orí náà jù sílẹ̀.

Ẹ̀wù yẹn gan-an ni kí ẹ wò. Òfin ló pọn ọ́n ní dandan kí gbogbo onímọ́tò ní ọ̀kan nínú ọkọ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lè tètè rí i bí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ohun tí ìjọba fi dandan mú wọn rà ni wọ́n wọ̀ lọ sí oríta, kí ìjọba lè rí wọn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń gé kámẹ́rà lulẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?

ULEZ ni wọ́n ń pè é, ìyẹn agbègbè tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń tú èéfín, kámẹ́rà ló sì ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń tú èéfín ju bó ṣe yẹ lọ yóò san £12.50 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé e jáde. Ọkọ̀ pẹtiróòlù tí wọ́n ṣe láti bí ọdún 2006 wá sábà máa ń yege. Dísù ni ọ̀rọ̀ kàn jù, nítorí èyí tó ti pẹ́ ju bí 2015 lọ kì í sábà yege. Ẹ rí i pé èyí kì í ṣe fífi òfin de ọkọ̀ epo rárá, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ń jà, ìkan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023 ni Sadiq Khan, olórí ìlú náà, fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, títí kan àwọn àdúgbò ẹ̀yìn odi tí ọkọ̀ ojú irin kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ti gbé e lọ ilé ẹjọ́ ṣáájú, wọn ò jàre. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ gé òpó kámẹ́rà lóru. Nínú ìbò àtúndì tó wáyé ní Uxbridge, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Keje ọdún náà, ẹgbẹ́ Konsafetifu fi ìbò 495 péré borí, gbogbo èèyàn sì ní ULEZ ló fà á. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn olóṣèlú ti gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lè gbé èèyàn wọlé, ó sì lè já èèyàn sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù ìtàn. Khan kan náà yìí tún wọlé lẹ́ẹ̀kẹta ní oṣù Karùn-ún 2024. Ohun kan tó sì rọ ọ̀rọ̀ náà lójú ni owó: níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́, àwọn aláàbọ̀ ara àti oníṣòwò kékeré nìkan ni wọ́n ń fún lówó láti gbé ọkọ̀ àtijọ́ jù nù, nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ará Lọ́ńdọ̀nù tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá yege, títí dé £2,000 lórí ọkọ̀ kan. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Owó yẹn ló jẹ́ ká mọ àwọn tí inú ń run lóòótọ́: wọ́n gba owó, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, wọ́n sinmi.

Ẹ̀gbẹ́ kejì kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tó ń gbé nítòsí títì ńlá ní gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù sọ pé afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́ wà lára ohun tó pa á. Ìyá rẹ̀ ti ń jà láti ọdún 2013 tí ọmọ náà ti kú. Òun náà jẹ́ ará ìlú. Nígbà tí wọ́n bá ní "ará ìlú ò fẹ́", mo máa ń rántí rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé olówó nìkan ni ọkọ̀ oníná wà fún?

Ìbéèrè tó ká mi lára jù nìyí, torí pé òótọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń polówó ọkọ̀ oníná kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Iye ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń wálẹ̀. Owó bátìrì ti fi bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dín sí ti 2010, àlòkù sì ti ń wọ ọjà. Ibi tí gbèsè wà ni ibi tí èèyàn ti ń ṣáàjì. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀, tó ń páàkì sínú ọgbà, á ki iná bọ ọkọ̀ lálẹ́, á lọ sùn, á jí bá bátìrì tó kún. Owó iná òru ló san. Ẹni tó ń gbé yàrá lókè àjà kẹta, tó ń páàkì síbi tó bá ti ráàyè lójú títì, ibùdó ìṣáàjì ìta ni tirẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó orí tó wà lórí iná ilé jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí iná ibùdó ìta, ìdá 20 ni. Ẹni tí kò ní ọgbà ló ń san èyí tó pọ̀ jù, lórí iná kan náà, fún ọkọ̀ kan náà. Mi ò tíì gbọ́ àlàyé kan tó wọ̀ mí létí lórí ìyẹn.

Mo ti rí okùn iná kan rí tí wọ́n ta láti ojú fèrèsé, ó gba orí ẹ̀ka igi kan, ó sọ̀ kalẹ̀ sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n wá fi kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò ó kí ẹni tó ń kọjá má baà kọsẹ̀. Obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ dé ibẹ̀, ó dúró. Ó wo okùn, ó wo ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, kò sọ nǹkan kan. Ojú tó fi wo ọkọ̀ yẹn, kò sí ìwádìí èrò ará ìlú tó lè kà á.

Ṣé kì í ṣe pé ọkọ̀ oníná máa ń gbiná?

Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá 2023, iná sọ nílé ìgbọ́kọ̀sí pápákọ̀ òfurufú Luton. Iná ò tíì kú tí àwọn èèyàn ti ń pín in kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọkọ̀ oníná ló fà á. Àwọn panápaná ní ọkọ̀ dísù ni. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n irọ́ ti dé ilé kó tó di pé òótọ́ wọ bàtà. Ọkọ̀ tó lé ní 1,400 ló bá iná náà lọ. Títí dòní, ẹ ṣì máa rí ẹni tó máa búra pé bátìrì ni.

Kì í ṣe pé bátìrì kì í jó o. Bó bá jó, ó ṣòroó pa, ó sì lè tún sọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí wọ́n rò pé ó ti kú. Àwọn panápaná ní láti kọ́ ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n epo pẹtiróòlù náà kì í ṣe omi. Ó ti mọ́ wa lára ni.

Ẹ ní ọkọ̀ oníná kò ní èéfín. Bátìrì rẹ̀ ńkọ́, ibo ni wọ́n ti ń wà á?

Ìbéèrè gidi nìyí. Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú kóbáàtì àgbáyé, èròjà kan tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, tó ń wá láti Kóńgò, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán wà á níbi ìwakùsà kéékèèké. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ gbé ìyẹn sínú ọkọ̀ òun, mi ò ní í bá a jiyàn. Àwọn tó ń ṣe bátìrì ti ń sá fún un: irú èyí tí wọ́n ń pè ní LFP, tó wọ́pọ̀ gan-an ní Ṣáínà, kò ní kóbáàtì nínú rárá. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí bátìrì bá di mímọ́ pátápátá kí a tó rántí pé epo rọ̀bì náà ní ìtàn tirẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn tó mọ́.

Ní ti èéfín, òótọ́ ni pé ṣíṣe bátìrì ń tú carbon púpọ̀ jáde, tó fi jẹ́ pé gbèsè ni ọkọ̀ oníná fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé. Ó ń san án díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ń rìn. Níbi tí iná ti ń wá láti ara omi tàbí oòrùn, kì í pẹ́ san án tán. Níbi tí èédú ti ń ṣe iná, ó máa ń pẹ́. Ìdí tó fi ń rí i san ni pé ẹ́ńjìnnì epo jẹ́ onínàákúnàá: nínú gálọ́ọ̀nù epo mẹ́rin tí ẹ bá rà sínú ọkọ̀, agbára bíi ti ẹyọ kan ló ń dé táyà, ìyókù ń di ooru. Mọ́tò oníná kì í fi nǹkan ṣòfò tó bẹ́ẹ̀.

Iná ọba á tó báyìí?

Ọkọ̀ oníná sábà máa ń fi yúnìtì iná kan rin bíi kìlómítà 6. Ẹni tó ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́ yóò lo bíi yúnìtì 7. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn tan hítà kékeré kan sílẹ̀ fún wákàtí méje lóru, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti sùn tí iná sì ṣẹ́ kù. Ìṣòro ni bí gbogbo àdúgbò bá ki í bọ ọkọ̀ ní aago méje alẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí iná ò bá ti dúró déédéé tẹ́lẹ̀, ìbéèrè yìí wúwo ju bí mo ṣe dáhùn rẹ̀ yìí lọ.

Báwo ni Nọ́wè ṣe ṣe é láìsí ìjà?

Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìjà ẹlẹ́rìn-ín ni ká pè é. Ní 1989, Frederic Hauge, ẹni tó dá Bellona, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, sílẹ̀, àti àwọn olórin a-ha kó Fiat Panda kékeré kan wọ ìlú, èyí tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n sì ti fi bátìrì sí i. Wọ́n ń wà á kọjá níbi tí wọ́n ti ń gba owó títì, wọn kì í san. Ìjọba ń kọ owó ìtanràn sí wọn, wọn ò dáhùn. Wọ́n gba ọkọ̀ náà, wọ́n tà á ní gbàǹjo kí wọ́n lè fi dí gbèsè. Àwọn ẹgbẹ́ náà ló tún lọ rà á padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wà á kọjá. Àwọn oníròyìn ń tẹ̀lé wọn kiri. Nígbà tó di 1997, ìjọba ní kí ọkọ̀ oníná má san owó títì mọ́. Ní 2001, wọ́n yọ owó orí ọjà kúrò lórí rẹ̀.

Ohun tí Nọ́wè ṣe nìyẹn: wọn ò fòfin de ohunkóhun, wọ́n gbé owó orí gọbọi lé ọkọ̀ epo, wọ́n gbé e kúrò lórí oníná, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sí i láìyẹsẹ̀. Ní 2024, nǹkan bí 89 nínú gbogbo 100 ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà níbẹ̀ ló jẹ́ oníná pátápátá. Ní 2025, ó ti ju 95 lọ. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ilẹ̀ olówó ni o, omi ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn, epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà fún ẹlòmíràn ló sì sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ láìsọ ìyẹn kò sọ òótọ́ tán.

Etiópíà kì í ṣe olówó. Báwo ló ṣe jẹ́ tiwọn?

Dọ́là ló pọn wọ́n lójú. Wọn ò ní epo tiwọn, ìta ni wọ́n ti ń rà á, owó ilẹ̀ òkèèrè sì ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ní iná láti ara omi. Ìṣirò náà ò le lójú ìjọba. Lójú ẹni tó ra ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ibùdó ìṣáàjì kò tó nǹkan lẹ́yìn olú ìlú, mẹkáníìkì tó mọ bátìrì kò pọ̀, ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì ṣòroó rí. Òfin ti sáré débẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn.

Ìjọba ń mú ọjọ́, wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní 2017 wọ́n ní 2040. Ní oṣù Kejì 2020 wọ́n ní 2035. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà wọ́n ní 2030. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, dá a padà sí 2035, ó ní òun ń ro ti mẹ̀kúnnù. Nígbà tí ẹgbẹ́ Lábọ̀ gba ìjọba, wọ́n dá a padà sí 2030.

Ó yẹ kí inú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ dùn sí ti Sunak, àbí? Lisa Brankin, ọ̀gá Ford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ òun ń fẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba: ìpinnu tó ga, ìfarajìn, àti àìyẹ ọ̀rọ̀, pé títú 2030 ká yóò ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Wọ́n ti náwó sílẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Sunak sún ọjọ́ síwájú, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan òfin tó ń lu àwọn ilé iṣẹ́ gan-an: pé kí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá tà ní 2024 má ní èéfín rárá, kó di 28 ní 2025, kó sì dé 80 ní 2030. Ìtanràn wà fún ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, £15,000 lórí ọkọ̀ kan, kí wọ́n tó dín in sí £12,000 ní oṣù Kẹrin 2025. Ariwo wà lórí ọjọ́, iṣẹ́ wà lábẹ́ òfin tí ẹnikẹ́ni ò kà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní oṣù Kẹfà 2025, Donald Trump fọwọ́ sí ìpinnu tó gba àṣẹ tí California fi mú 2035 kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. California gbé e lọ ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìgbìmọ̀ àjọ Yúróòpù dábàá pé kí wọ́n dín èéfín kù ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 100 ní 2035. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn olóṣèlú yìí ti da àwo ẹyin pọ̀ jù. Ìyẹn ló fà á tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ fi ká ọwọ́ gbera, tó ní òun á dúró wò ó.

Ọ̀rọ̀ owó orí náà ń bọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde ní oṣù Kọkànlá 2025 pé láti oṣù Kẹrin 2028, ọkọ̀ oníná yóò máa san pẹ́nì 3 fún máìlì kọ̀ọ̀kan tó bá rìn. Ó yé mi: bí owó orí epo bá ń gbẹ, ìjọba gbọ́dọ̀ rí owó níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rántí ìtàn dísù yóò ní, "Mo ṣá ti sọ fún yín."

Epo àtọwọ́dá tí Jámánì ń pariwo ńkọ́?

Ní oṣù Kẹta 2023, Jámánì ò jẹ́ kí òfin Yúróòpù kọjá àfi tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un. Iná ni wọ́n fi ń ṣe é, láti ara omi àti carbon. Iná tó lè gbé ọkọ̀ oníná rin kìlómítà 100, bí wọ́n bá fi ṣe epo yìí, kò ní gbé ọkọ̀ epo kọjá bíi 20. Fún àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ràn, ó lè dára. Mi ò rò pé ó kan gbogbo ayé.

Àwọn mẹkáníìkì ńkọ́?

Ọkọ̀ oníná kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní sàláńsà, kì í pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń fi ìwọ̀nyẹn jẹun yóò rí i lára, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà á rí i lára. Táyà, bíréèkì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti bọ́dì ṣì wà. Kò ní jẹ́ ìparun lọ́jọ́ kan nítorí ọkọ̀ epo ṣì pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ní bátìrì.

Ìwádìí kan ní àwọn èèyàn fẹ́, òmíràn ní wọn ò fẹ́. Èwo ni òótọ́?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ná. "Ṣé ẹ fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìlú mọ́?" Ta ni yóò ní rárá? "Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba fòfin de ọkọ̀ epo?" Ọ̀rọ̀ òfin nìkan ti tó láti jẹ́ kí èèyàn fajú ro. "Ṣé ẹ ó ra ọkọ̀ oníná bí iye rẹ̀ bá jẹ́ ìkan náà, tí ibi ìṣáàjì sì wà níwájú ilé yín?" Ìdáhùn mìíràn tún nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé ẹni kan náà ni wọ́n bi ní gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ju ìwádìí lọ ni ohun tí àwọn èèyàn ń fi owó wọn rà. Ní 2024, ó ju ọkọ̀ mílíọ̀nù 17 tó ń lo iná tí wọ́n tà lágbàáyé, ìyẹn ju ẹyọ kan lọ nínú márùn-ún. Ní Ṣáínà, ó súnmọ́ ìdajì ọkọ̀ tuntun, àwọn àmúlùmálà tó ń ki iná náà wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ò ṣe ìwọ́de kankan, wọn ò sì kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ ra ọkọ̀ báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi ọjọ́ ìjọba ṣe ìṣirò. Ẹ fi ibi tí ẹ ń páàkì sí ṣe é. Bí ẹ bá ní ọgbà àti iná tó dúró, tí ìrìn yín ojoojúmọ́ kò sì ju 100 kìlómítà lọ, oníná á rọ̀ yín lọ́rùn. Bí kò bá sí ibi tí ẹ ó ti máa ṣáàjì nílé tàbí níbi iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibùdó tó súnmọ́ yín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ ka iye ọkọ̀ tó tò síbẹ̀, kí ẹ bèèrè iye owó wọn, kí ẹ tó pinnu. Bí ẹ bá wà níbi tí òtútù ti máa ń mú gan-an, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú iye kìlómítà tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nítorí òtútù àti hítà máa ń jẹ bátìrì.

Bó bá jẹ́ àlòkù, bátìrì ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì fún ọdún 8 tàbí 160,000 kìlómítà, nítorí náà ẹ bèèrè iye tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Kí ẹ tún ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwé àyẹ̀wò bátìrì hàn yín. Bó bá ń kálòlò, ẹ kí i, ẹ máa lọ.